Oògùn Àyà Tí O Gbàgbé Sílé

Ilé Fákúnlé,
Ìmẹ̀sí-Ilé.

Olúwadára ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo sì kí ilé tí o forí pamọ́ sí ní Òkè-Baálẹ̀. Ọlọ́run tó mú ọ dé Òṣogbo kò ní gbàgbé ọ̀nà tí yóò gbà mú ọ padà wá. Òjò tó ń rọ̀ lórí òkè wa níbí kò ní di ẹrẹ̀ tí yóò yọ̀ ọ́ ṣubú níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba tí o ń ṣe kò ní ṣe ọ́. Bí o bá ka àdúrà yìí kọjá láì ṣe àmín, padà sókè kí o ṣe é, nítorí mo mọ ìwà rẹ.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo gbọ́ pé bí o bá ń sọ̀rọ̀ mi fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, Bọ̀wálé lásán ni o ń pè mí. N kò bínú, ṣùgbọ́n ká tún un ṣe. Lóòótọ́ ni pé ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́ lọ, a jọ pa òkété ni, a jọ jà lórí itan rẹ̀, o sì là mí mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bàbá kan náà ló bí èmi àti bàbá rẹ. Pé ìyá mi ni ìyàwó tí bàbá wa fẹ́ gbẹ̀yìn kò sọ mí di ẹgbẹ́ rẹ. Àbúrò bàbá ẹni, bàbá ẹni ni. Ìyá rẹ tó bí ọ pàápàá kì í pe orúkọ mi, nítorí ẹ̀yìn ìyá mi ni wọ́n bá mi nígbà tí wọ́n wọlé ọkọ, Akọ̀wé ni wọ́n sọ mí. Nítorí náà, bàbá ló ń kọ lẹ́tà yìí sí ọ. Jókòó dáadáa kà á.

Ilé wà bí o ti fi í sílẹ̀, àfi ibi tó ti yí padà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, èyí dúdú sì ti ń jẹ aṣọ lórí okùn. Páànù ilé ìdáná tí ìjì ká, mo ti kàn án padà, ó wá ń jò níbi tí kò jò sí tẹ́lẹ̀. Kòkó so díẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kò jáde tó láti fi sá a, ó ń bu lórí ẹní. Mo lè kọ ọ̀rọ̀ ilé títí bébà yóò fi tán, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Bí mo bá kọ ìlà díẹ̀, mo ń dìde, mo ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ, mo ń fetí sí bí wọ́n ṣe ń mí, mo tún ń padà wá jókòó. Bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan kò ti tẹ̀lé èkejì dáadáa, ibẹ̀ ni mo ti dìde.

O lè bi mí pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Èmi ni. Mo ti pè ọ́ títí, fóònù rẹ ń dún, ó ń dún, ó sì ń dákẹ́. Mo lọ bá Mùyídéènì, ọmọ Òṣogbo tó ń bá wa ṣáájì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù pé àìsàn bàbá rẹ ti le. Lọ́jọ́ kejì ó fi àmì méjì kan hàn mí, ó ní ó ti di búlúù, pé ó túmọ̀ sí pé o ti kà á. Mo sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé irọ́ ni. Mo ní bí Dára bá ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá rẹ̀, yóò dáhùn kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, nítorí náà àmì yẹn kàn ń pa àwọ̀ dà fúnra rẹ̀ ni bí ọ̀gà. Kò bá mi jiyàn. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, nítorí ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí o ń gbé, ó sì fẹ́ lọ kírun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé, kó sì dúró tì ọ́ títí o fi kà á tán, nítorí lẹ́tà kì í di búlúù.

Ọ̀rọ̀ oògùn àyà rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Nígbà tí o wálé fún Àjíǹde, ìyá rẹ bá ọ lẹ́yìn ilé níbi tí a ń sá kòkó sí, èéfín ń jáde ní imú àti ẹnu rẹ bí ẹni tí ilé ìdáná ń jó nínú rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ sì ń ta sánsán bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n kígbe pè mí. O ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé oògùn àyà ni, pé dókítà kan ní Òṣogbo ló fún ọ nítorí eruku fáìlì tó ń wọ̀ ọ́ lọ́fun ní sẹkitéríàtì. Inú ìyá rẹ dùn. Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúpẹ́ pé àwọn dókítà ti wá ń fi èso ṣe oògùn, kì í ṣe kíníìnì kíkorò tí wọ́n fi fìyà jẹ wa ní kékeré. Gbogbo ìjọ ló ṣe àmín. Nígbà tí ìsìn parí, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bi ìyá rẹ bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n fi ọsàn ṣe, nítorí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í bá òun lára mu.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí n kò tíì sọ fún ọ pé mo rí. Bàbá rẹ jókòó síwájú ilé, wọ́n ń wúkọ́, ìwọ náà jókòó tì wọ́n. Wọ́n na ọwọ́ sí ọ, wọ́n ní kí o jẹ́ kí àwọn náà fà á díẹ̀ wò. O yára fi í sápò. O ní, “Bàámi, ti ọmọdé ni.” Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ìwọ, ta ló ń ní oògùn lápò tí yóò jókòó kí bàbá rẹ̀ máa wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo gbé e mì nítorí ọdún là ń ṣe.

Ọjọ́ tí o ń sáré bá ọkọ̀, o gbàgbé rẹ̀. Ìyá rẹ bá a nínú ṣòkòtò jíìnsì tí o bọ́ sílẹ̀ fún fífọ̀, òun àti ọ̀rá kékeré kan. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì í bọ omi ọṣẹ. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti padà sínú eruku láìní oògùn, bóyá ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ níbi tó wà. Nítorí ìyẹn gan-an la fi kọ́kọ́ ń pè ọ́, kì í ṣe pé a fẹ́ tọrọ nǹkan.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀, ikọ́ bàbá rẹ sì yí ohùn padà. O mọ̀ pé ikọ́ náà kì í ṣe ti àná, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fín oògùn sí kòkó láì bo imú ló ti wà. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, ara wọn ló ń gbé ikọ́, nísinsìnyí ikọ́ ló ń gbé ara. Wọn kò lè gun òkè láti títì dé ilé láì jókòó sórí òkúta tó wà níwájú ilé olóògbé Bọ́lárìnwá ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n ń jókòó sùn, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ẹni tó ń dá gbé àpò kòkó sórí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ni mò ń sọ yìí.

Ìyá rẹ ló mú àbá náà wá. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ṣebí oògùn ọmọ wa wà nínú ilé yìí.” Bàbá rẹ kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ti ọmọdé ni, pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe wí. Mo ní ohun tó bá lè ṣe ọmọdé lóore, ó kù kí a mọ bí a ó ṣe sọ ọ́ di ti àgbà ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, má bá ẹlòmíràn wí.

Iná inú oògùn náà ti kú nígbà náà, nítorí náà mo gbé e lọ bá Mùyídéènì kó bá mi ṣáájì rẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní oògùn àyà Dára ni. Mo bi í bóyá ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń lò ó gan-an ní Òṣogbo. Mo ní ṣé àyà gbogbo wọn ló ń dùn wọ́n ni. Ó wo ilẹ̀, ó ní eruku pọ̀ ní Òṣogbo. Nítorí náà, bí o bá ń gbá yàrá rẹ, kọ́kọ́ máa wọ́n omi sílẹ̀.

Nígbà tó kún tán, mo gbé e wálé, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní ìgò tíńtín lókè tí omi olóòórùn dídùn náà wà nínú rẹ̀, ó sì ní fèrèsé kékeré kan tí nọ́ńbà ń tàn nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí mo bá níbẹ̀ ni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ronú sí i, ó sì yé mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọ́. Dókítà ti fi ọjọ́ orí rẹ sí i. Ìdí nìyẹn tí o fi sọ pé ti ọmọdé ni, o kò sì purọ́ fún bàbá rẹ. Ara mi yá gágá pé mo rí i bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ fèrèsé náà, àmì àròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò wà bíi ti ìwé ìṣirò. Ta ni kò mọ̀ pé àròpọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọmọdé di àgbà? Mo tẹ àròpọ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà ń gòkè, títí ó fi dé méjìdínláàádọ́rin tí í ṣe ọjọ́ orí bàbá rẹ. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n rán mi lọ kà kò ṣòfò.

Ó ku ọ̀rá kékeré. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni orí kan báyìí, kò ju ìdérí bírò lọ, wáyà tó lọ́ po àti òwú ló wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kan ti wà nínú ìgò oògùn náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára èyí tó wà nínú ọ̀rá pé háì fótéèjì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Òun gan-an ni wọ́n kọ sára tiransifọ́mà tó wà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ wa, pẹ̀lú àwòrán agbárí àti egungun, tí hẹ́dímásítà máa ń sọ pé ẹni tó bá súnmọ́ ọn, ìyá rẹ̀ kò ní rí i mọ́. Mo ní aláìláàánú kan ló ta èyí fún ọmọ wa. Mo sọ ọ́ sínú agolo, mo gbé agolo sórí àjà, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu kàn án. Orí ti tẹ́lẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ ikú lára la ó lò.

O mọ àṣà ilé wa. Ẹni tó bá gbé ọtí tàbí oògùn fún àgbà, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn. Bàbá wa kò gba igbá àgbo rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ wọn, láìjẹ́ pé ẹni náà ti mu níbẹ̀. Bàbá rẹ na ọwọ́, mo ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Mo jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi í sẹ́nu, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì fà á tọkàntọkàn, nítorí n kò fẹ́ fi ẹnu ṣíṣe lásán tan ẹ̀gbọ́n mi jẹ.

Dára, kì í ṣe ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo bá níbẹ̀. Nǹkan náà dún ṣìì, òwú inú rẹ̀ jó, èéfín kíkorò bíi ti ìyẹ́ adìẹ tó bọ́ sínú iná ya wọ ọ̀fun mi. Irin rẹ̀ jó mi ní ètè. Ilẹ̀ yí mi, àtẹ́lẹsẹ̀ mi tutù, àyà mi ń lù bí ẹni tó ń gúnyán fún àlejò, mo sì bi gbogbo ohun tí mo jẹ sórí ewúrẹ́ dúdú tó ń jẹ aṣọ. Ìyá rẹ da omi lé mi lórí. Nígbà tí ojú mi là, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé oògùn náà mọ̀ pé n kò tíì pé méjìdínláàádọ́rin. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé bí kò bá sí ti àṣà ilé wa, àyà bàbá rẹ ni èéfín yẹn ì bá wọ̀. Èyí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Òun ló ń gbé mi dìde nídìí lẹ́tà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé nìyẹn. Wọ́n ń mí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mùyídéènì. Ó tú oògùn náà, ó fi wáyà inú orí tí mo lò hàn mí, ó ti dúdú bí èédú. Ó ní nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, agbára iná ni. Ó ní orí yẹn kò lè gba iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé gílóòbù tọ́ọ̀ṣì sórí bátìrì tírélà. Ó ní èyí tí mo gbé sórí àjà gan-an ni wọ́n ṣe fún iná tó ga, pé wáyà tirẹ̀ kì í jẹ́ kí iná ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, pé ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń sọ, kì í ṣe pé yóò pa ènìyàn. N kò tíì gbà fún un tán, nítorí kò lè ṣàlàyé fún mi bí ọjọ́ orí rẹ ṣe dé inú fèrèsé. Ó ní ó ṣèèṣì ni. Mo ní dókítà kì í ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n mo fún un níṣu nígbà tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì ètè mi ti wú bí ti ẹni tí agbọ́n ta. Bàbá rẹ kò fẹ́ lọ sí ilé ìlera fún àyà tiwọn, nítorí náà mo ní kí wọ́n bá mi kálọ nítorí ètè mi. Bí mo ṣe tàn wọ́n dé iwájú Nọ́ọ̀sì Kàósárà nìyẹn. O kò mọ̀ ọ́n, ọmọ Òṣogbo lòun náà, ìjọba ló gbé e wá síbí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbófo. Ó wo ètè mi, ó ní kí n mú ohun tó jó mi wá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní sìgá ni. Mo ní kí ó tún un gbóòórùn. Ó ní sìgá oníbátìrì ni, pé ohun tó yí mi lójú ni oró tábà. Mo bi í pé láti ọjọ́ tó ti dáyé, ta ló rí tó ń ṣáájì sìgá. Mo bi í pé sìgá wo ló ń rùn bí èso. Mo bi í pé bí ó bá jẹ́ sìgá ni, ṣé Dára, tí ó fẹnu ara rẹ̀ pè é ní oògùn lójú ìyá tó bí i, ń purọ́ ni. Ó wò mí pẹ́, ó ní òun kò mọ Dára. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n. Àwọn aboyún tó wá gba káàdì jókòó síbẹ̀, gbogbo wọn ń gbọ́. Mo fi sàréè bàbá wa búra níwájú wọn pé ọmọ ilé wa kì í mu sìgá. Aboyún kan ní kí n rọra, pé ètè mi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àyà bàbá rẹ, Kàósárà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé wọn lẹ́yìn, ó gbọ́ lápá ọ̀tún, ó gbọ́ lápá òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Ìjà tó wà láàrin wa kúrò lójú rẹ̀. Ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní afẹ́fẹ́ kò dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn lápá kan, kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Iléṣà kí wọ́n ya àwòrán àyà wọn, kí ó má kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ní bí ó bá tètè yá, nǹkan wà tí wọ́n lè ṣe sí i. Kò sọ bí yóò ṣe rí bí ó bá pẹ́. Èmi náà kò bi í.

Bàbá rẹ ní àwọn kò lọ. O mọ̀ pé Iléṣà ni wọ́n gbé Bọ́lárìnwá ọ̀rẹ́ wọn lọ, ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e, inú àpótí ni wọ́n sì fi gbé e padà. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá dárúkọ Iléṣà, bàbá rẹ á yí ojú sógiri. Wọ́n ní, “Dókítà tó ń tọ́jú Dára ni yóò tọ́jú mi. Àyà kan náà ni èmi àti ọmọ mi jọ ní.” Mo bẹ̀ wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní màá gbé wọn ní tipátipá. Wọ́n bi mí pé ta ló gbé mi lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní ṣé tipátipá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gé wọn jẹ lọ́wọ́ lọ́nà. Wọ́n ní ó dáa, ìyẹn ti tó fún ìran wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì tètè tán.

Láàárọ̀ wọ́n á bi mí ní orúkọ dókítà rẹ. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á tún bi mí. N kò mọ̀ ọ́n. O kò sọ ọ́ fún wa.

Ohun tó wá mú mi mú bírò gan-an nìyí. Lánàá, ìyá rẹ ní kí a gbé agolo wálẹ̀, kí a fi orí kejì sí i, kí n fi ìyọkúrò dá nọ́ńbà padà sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí n tọ́ ọ wò, kí bàbá rẹ sì fà á díẹ̀ péré kí àyà wọn lè fúyẹ́. Bàbá rẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ìgò tíńtín náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n wo omi tó kù nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti fẹ́ẹ́ tán. Kí ni ọmọ mi yóò wá fà?” Wọ́n wé e mọ́ aṣọ, wọ́n fi í sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Dára, bàbá rẹ ń wúkọ́ lórí oògùn rẹ. Wọn kò jẹ́ fọwọ́ kàn án kí ó má baà tán mọ́ ọ lọ́wọ́.

N kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè tí mo bi Kàósárà nípa rẹ. Mo ti búra, ìbúra mi sì dúró, bí wọ́n bá bi mí lọ́la màá tún un ṣe. Bí dókítà náà bá wà, wá mú bàbá rẹ lọ bá a, kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lóko, tí mò ń ṣán ìdí kòkó, mo sọ ọ́ fún ara mi pé bí ohun kan bá wà tí èmi kò mọ̀, má kọ ọ́ sí mi, má sì fi rán Mùyídéènì. Wálé kí o sọ ọ́ fún bàbá rẹ, ojú ní ojú. Jókòó síbi tí o jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n na ọwọ́ sí ọ. Èmi yóò dúró tì ọ́. Wọ́n á bínú, ìyá rẹ á ké, ìyá akọrin á gbọ́, èmi ni yóò lọ bá àwọn aboyún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbínú kò pa àgbà rí, ikọ́ ló ń pa á. Bí wọ́n bá bínú tán, kò ní sí dókítà mìíràn tí wọ́n ń dúró dè, a ó sì lè gbé wọn wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, ìwọ lápá kan, èmi lápá kejì, bí wọ́n tilẹ̀ ń gé wa jẹ lọ́wọ́.

Ibi yìí ni ó yẹ kí n ti tọrọ owó, nítorí mo mọ bí lẹ́tà ilé ṣe máa ń parí. Má fi owó ránṣẹ́. Èyí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀. Bí kò bá sì sí, Mùyídéènì ń padà bọ̀ ní Sátidé, ó ní àyè wà lẹ́yìn ọ̀kadà òun, pé òun kò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́nà bí o kò bá fẹ́. Àkàrà àti orógbó tó wà nínú páálí yìí, ìyá rẹ ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní orógbó ni kí o máa jẹ fún àyà rẹ títí oògùn yóò fi dé ọwọ́ rẹ, wọn kò mọ̀ pé bàbá rẹ ti fi oògùn náà sínú páálí pẹ̀lú.

Ọ̀nà Ìbòkun yóò gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Taya tí o bá jókòó lé kò ní já. Ohun tó ń ti ọmọ lójú kò ní pa bàbá rẹ̀. Ìwọ ni yóò sin wá, àwa kọ́ ni yóò sin ọ́, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ lọ́dún yìí, kò ní jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Dúró, kí o ṣe àmín.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé, Mùyídéènì ti tan ọ̀kadà rẹ̀, ni bàbá rẹ pè mí padà sínú yàrá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí i pé kí o má lo orí àtijọ́ yẹn mọ́ o, pé ó ti jóná, èyí tí ó ní háì fótéèjì ni kí o lò, àwọn ti fi í sínú aṣọ náà. Wọ́n ní kí o má ṣe jẹ́ kí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní kí o kọ́kọ́ tọ́ ọ wò díẹ̀ kí o tó fà á dáadáa, nítorí àwọn kò sí níbẹ̀ láti bá ọ wò ó. Wọ́n tún fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu wọn. Mo dúró tìwé tìbírò kí ó tán, kí n lè gbọ́ ìyókù kí n sì kọ ọ́. Ìyókù náà, orúkọ rẹ ni.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
Bọ̀wálé Fákúnlé.